Ojú Mi Ni Sísí Fi Kọ́ṣẹ́

Ojú mi yìí, bó ti hun jọ bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò lọ̀, òun ni ọmọ-ọmọ mi fi kọ́ iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbé e kiri àdúgbò pé ọwọ́ Sísí le bí ọwọ́ bíríkìlà, pé ó dàgbà tó yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan èèyàn. Ẹ̀bi tí wọ́n dì rù ú yẹn, ẹrù mi ni. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa rù ú lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ti rí, kí n má fo ibi tó burú fún mi.

Sísí kọ́ ni orúkọ tí a sọ ọ́. A fi ń pè é nítorí pé láti ìgbà tó ti ń rákòrò ni kò ti lè rí àtíkè kó má fi kun ojú. Ìyá rẹ̀ ni àkọ́bí mi. Iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú tó jìn, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Yàrá méjì ni àwa méjèèjì ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dún kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Fèrèsé ńlá kan wà ní yàrá iwájú tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni àga mi wà.

Ọdún mẹ́fà ni Sísí fi jókòó sídìí ẹ̀rọ owó ní ilé ìtajà ńlá kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, wọn ò ṣí i mọ́. Ó jókòó sílé títí ìjókòó fi sú u. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù."

Mo ní, "Èyí tó o ti ń ṣe láti kékeré yẹn náà tún ní ẹ̀kọ́?"

Ó ní, "Eré ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí síbi iṣẹ́, kí n gbé báàgì mi, kí n lọ."

Inú mi dùn sí i. Ibi tí yóò ti kọ́ ọ ló wá di ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ìkángun òpópónà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Kékeré, nítorí pé ọ̀gá ni nídìí mékọ́ọ̀pù, àmọ́ èjìká àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kíláàsì méjì ló fi wà lẹ́yìn Sísí nílé ìwé, èmi fúnra mi sì ti nu ikun nímú rẹ̀ nígbà tó máa ń wá ṣeré lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà kejì ni orí fóònù. Obìnrin kan tó wà níbi tí a ò mọ̀ ń kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, o ò sì ní kúrò nínú ilé rẹ.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kékeré la kọ́kọ́ lọ. Bó ti rí mi ló kúnlẹ̀, ó gbé àga fún mi.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀."

A sọ ohun tó gbé wa wá. Ọmọbìnrin méjì tí wọn ò lè ju ọdún méjìdínlógún lọ jókòó sórí àpótí pẹlẹbẹ nílẹ̀, nítòsí àga tí oníbàárà ń jókòó sí, wọ́n ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Kékeré nawọ́ sí wọn.

"Ọdún kan ni, Màmá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ibi tí àwọn yìí wà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n mi á máa jókòó sí. Wọ́n á máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa gbálẹ̀. Wọn ò ní fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni."

Sísí rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Oṣù mẹ́ta gbáko? Kí lèèyàn ń kọ́ lára omi ọṣẹ?"

"Tẹ́ ẹ bá ti jókòó síbẹ̀, ẹ ó rí i, Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo Sísí, mo rí i pé ara rẹ̀ ti ń hún un. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, lórí àpótí, láàárín ọmọdé, tí àwọn tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé á máa gba ẹ̀yìn gíláàsì kọjá. Ìtìjú ló mú un, ó sì yẹ kí n bá a gbé e mì. Dípò ìyẹn, èmi ni mo la ẹnu.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí mo nu ikun nímú rẹ? Kí ọmọ-ọmọ mi, tó jẹ́ àgbà ẹ, wá jókòó sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, kó máa fọ ìdọ̀tí ojú wọn? Sísí, dìde, ká máa lọ."

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tẹ orí ba, wọ́n dojú kọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Ọ̀gá Kékeré sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, Màmá," bí ẹni pé oore ni mo ṣe é.

Ní títì, Sísí ní, "Màmá, ẹnu yín yìí!" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ìrìn rẹ̀ sì ti yá.

Mo ní, "Orí fóònù ni kó o ti kọ́ ọ. Inú ilé wa, lórí àga wa. Kò sẹ́ni tó máa rí ẹ."

"Ojú ta ni màá wá máa lò? Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a ó máa fi dánra wò."

"Èmi tí mo wà nílé yìí, ṣé igi ni mí?"

Bí a ṣe yàn án nìyẹn. Kò ju ibi tí èèyàn lè rìn kó tó dé ilé ẹlẹ́kọ lọ tí a fi parí ọ̀rọ̀ náà.

Tíṣà orí fóònù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Sísí gbé fóònù sórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ra iná róbótó kan tó mú mi rántí òṣùpá tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ pàlọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òṣùpá tiwa kì í gbóná mọ́ èèyàn lójú. Èyí ń gbóná. Tíṣà náà ní èékánná gígùn àti ohùn tó tutù. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó kọ́ wọn ní àwọ̀ tó bá ara dúdú mu àti èyí tó bá ara pupa mu. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìpara tẹ́ ojú kó má hàn nídìí ọrùn bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n fọ ọwọ́ ná. Ó sì sọ ọ́, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò lè mọ bí ọwọ́ yín ṣe wúwo tó láti ibi tí mo wà. Ẹ máa bi ẹni tó jókòó síwájú yín. Ẹ bi í dáadáa."

Sísí sì ń bi mí.

Ọjọ́ kìíní tó fi ẹ̀mú kékeré fa irun òkè ojú mi, omi ta lójú mi méjèèjì. Ó dúró. "Màmá, ó dùn yín?"

"Rárá o. Atẹ́gùn ni."

Fèrèsé wà ní títì pa.

Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ tó ti pẹ́ tí wọn ò gbá ni. Nígbà tó bá sì dé ibi irun ìpéǹpéjú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Yóò fi gọ́ọ̀mù sí i, yóò gbé e lé etí ìpéǹpéjú mi, yóò wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni ń lẹ òǹtẹ̀ mọ́ àpò ìwé. Gọ́ọ̀mù á ta mí títí dé àárín orí.

"Ó dùn yín, Màmá?"

"Kò dùn mí. Máa ṣe é lọ, ọmọ mi."

Nígbà míì yóò fi ara balẹ̀ wò mí. "Ṣé òótọ́?"

"Àbí ìwọ rò pé ara àgbà dà bí ara tiyín? Ara tó ti gbó kì í mọ nǹkan lára mọ́." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo tọ́ ọ, kò sì mọ̀ mí mọ́ irọ́.

Tó bá parí, yóò ya àwòrán mi, yóò fi ránṣẹ́ sí Tíṣà. Mi ò mọ̀wé, òun ló ń bá mi ka èsì rẹ̀. "Ó ní mo ṣe é dáadáa! Ó ní kí n kí ìyá mi àgbà tó ní sùúrù!" Ara mi á bù máṣọ. Mo ti di ẹni tí wọ́n ń kí láti ìlú tí a ò mọ̀, nítorí sùúrù.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìwé ẹ̀rí dé sórí fóònù. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Kékeré gan-an, la ti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo bá a lọ, pẹ̀lú mékọ́ọ̀pù tó ṣe fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà lójú mi. Mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo rọra rìn kọjá níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì, ìwé náà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá Kékeré juwọ́ sí wa. A fi dígí sí ìwé náà, a gbé e kọ́ sára ògiri.

Oníbàárà àkọ́kọ́ ò jìnnà. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdágbére fún un ní ilé ìwòsàn wọn, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn wá.

Ó ní, "Sísí, àwọn èèyàn máa wo àwòrán yìí tí mo bá ti kú tán. Má jẹ́ kí n dà bí ẹni tó gba iṣẹ́ òru o."

Sísí fò sókè. Bí Nọ́ọ̀sì bá rẹwà lọ́jọ́ náà, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì yòókù ló máa béèrè ta ló ṣe é. Ọ̀nà rẹ̀ ti là nìyẹn. Ó to àwọn nǹkan rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, ó fọ fóòmù tó fi ń tẹ́ àtíkè, ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù tìróò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àga mi nídìí fèrèsé. Télọ̀ tó rán aṣọ rẹ̀ gbé aṣọ náà wá, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì dúró wòran. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń yọ̀ nínú ara mi.

Ibi irun òkè ojú ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Yéè! Sísí, rọra."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Ọmọ yìí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi gún èèyàn lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó pariwo lọ́wọ́ mi bí mo ṣe fẹ́ pariwo yìí o!"

Télọ̀ ní, "Ẹwà ló ń dé yẹn. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ń fa orí sẹ́yìn, Sísí sì ń tẹ̀ lé e, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì lé ojú rẹ̀ kiri. Mo rí i. Mo mọ bó ṣe ń rí lára Nọ́ọ̀sì, ibì kọ̀ọ̀kan, mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí i lójú ara mi. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo ń wo ilẹ̀.

Sísí fi gọ́ọ̀mù sí irun ìpéǹpéjú, ó gbé e sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó ti máa ń tẹ èmi gan-an.

Nọ́ọ̀sì fò dìde, àga ṣubú. "Omi! Ẹ bu omi tó mọ́! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ pa á!" Òun fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún wa lórí ojú ara rẹ̀. A bu omi, a ń dà á, àtíkè àti tìróò ń ṣàn lọ sí ọrùn rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ kan ti pọ́n bí ata, kò lè là á tán.

Télọ̀ kọjú sí Sísí. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Bó o ṣe ń tẹ Màmá náà nìyẹn?"

Sísí ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń ṣe é fún Màmá. Lójoojúmọ́. Kò dùn wọ́n rí. Ẹ bi wọ́n. Màmá, ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo wọn wò mí.

Ẹ wò ó, títí di àsìkò yìí, bí mo bá rántí, mo máa ń fi aṣọ bo orí. Mo láǹfààní láti sọ òótọ́ lójú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan péré. Mo ní, "Kò... kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí."

Nọ́ọ̀sì mú aṣọ inura kúrò lójú. Ó fi ojú rẹ̀ kan tó dára wò mí, ó sún mọ́ mi, ó fi ìka gbé àgbọ̀n mi sókè síbi ìmọ́lẹ̀, bó ti ń ṣe fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ìka náà fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Ó ní, "Màmá, egbò wà létí ìpéǹpéjú yín níbí. Ọ̀kan ti jinná, ọ̀kan tún wà lórí rẹ̀. Ibí yìí náà, lábẹ́ irun òkè ojú, ó ti bó. Èyí ti lé ní oṣù kan." Ó jọ̀wọ́ àgbọ̀n mi. Ohùn rẹ̀ ò le. "Màmá, ó ń dùn yín."

Sísí wò mí, kò sunkún. Ó kàn ní, "Ojoojúmọ́ ni mo ń bi yín, Màmá. Ojoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì fọ ojú rẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó yá awò ojú dúdú lọ́wọ́ Télọ̀, ó lọ. Awò dúdú yẹn ló wà nínú àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ ti dá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ ní mo dà bí akọrin." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn lọ.

Sísí kó gbogbo nǹkan rẹ̀ sínú báàgì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yọ ìwé ẹ̀rí kúrò lára ògiri. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tó ń béèrè lórí fóònù bóyá ilé ìtajà kan ń wá ẹni tí yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ owó. Ohùn tó fi ń béèrè, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ni mo mọ̀ pé bí mi ò bá la ẹnu mi, iṣẹ́ tí ọmọ yìí ti fẹ́ láti ìgbà tó ti ń rákòrò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Sísí, jókòó. Ó dùn mí. Láti ọjọ́ kìíní."

Kò wò mí. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ṣòro láti sọ fún ọmọ tí èèyàn tọ́. Ó ṣòro ju gọ́ọ̀mù lọ. Mo ní, "Bàbá rẹ àgbà ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú mi mọ́. Ìwọ wá bẹ̀rẹ̀, láràárọ̀, wákàtí kan, nígbà míì méjì. Mo rò pé tí mo bá ní ó ń dùn mí, wàá wá ojú ẹlòmíràn lọ."

Ariwo títì ń wọlé láti fèrèsé. Lẹ́yìn náà Sísí ní, "Ẹ bá ti sọ fún mi, Màmá. Ǹ bá máa fọwọ́ kan ojú yín lásán, láìsí búrọ́ọ̀ṣì."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ̀ ọ́ lọ láìbéèrè ibi tó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi nìkan lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kékeré. Láti ilé ni mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bí mo ti ti ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn, gbogbo rẹ̀ sá. Àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn wà lórí àpótí wọn. Mo ń tẹ orúnkún ba, ó ti sáré dì mí mú.

"Há, Màmá! Ẹ fẹ́ kí n má dàgbà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ níjọsí..."

"Mo ti gbàgbé ẹ." Kò tíì gbàgbé, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi mí sórí àga oníbàárà. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, Télọ̀ kò ṣáà ní fi í pa mọ́. Ó mú ẹ̀mú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi. "Ẹ jẹ́ kí n tún irun òkè ojú yín tí wọ́n ti bà jẹ́ yìí ṣe." Ó fa ọ̀kan yọ. "Màmá, ó dùn yín?"

Mo ní, "Rárá."

Ẹ gbọ́ o! Níbi tí mo ti wá bẹ̀bẹ̀ nítorí irọ́, irọ́ náà ló tún jáde lẹ́nu mi.

Àwọn ọmọbìnrin méjì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ó dùn wọ́n o! Ẹ wo ìka ẹsẹ̀ wọn!"

Mo wo ilẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ká jọ, wọ́n di bàtà mú gírígírí bí ẹni tó fẹ́ gun igi.

Ọ̀gá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbí ló ń sọ pé kò dun òun. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é fún wọn bínú, tàbí ojú ń tì wọ́n. Ẹnu ò ṣeé gbọ́kàn lé nínú iṣẹ́ yìí, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni. Ẹ wo ibi tí mo fi àpótí àwọn ọmọ yìí sí. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló wà níwájú wọn látàárọ̀ dalẹ́. Tí wọ́n bá fi máa dìde, kò sẹ́ni tó lè parọ́ fún wọn mọ́. Ojú nìkan ni fóònù ń fi hàn wọ́n."

Mo ní, "O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa níjọ́ yẹn."

Ó mú aṣọ nù mí lójú. "Ẹ ti dìde, Màmá."

Mo ní, "Ṣé wàá gbà á?"

Ó ní, "Kí Ẹ̀gbọ́n mi wá. Wọ́n mọ àwọ̀, mo rí ojú yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé ìwé ẹ̀rí kọjá. Ìka wọn ló kù. Ṣùgbọ́n orí àpótí ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ o, bíi ti àwọn yòókù."

Mo délé, mo sọ fún Sísí. Mo sọ ti ìka ẹsẹ̀ náà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ǹ bá fẹ́ fo ibẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ orúnkún ba fún ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré nínú àgbàlá wa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá mi." Ọ̀gá Kékeré náà tẹ orúnkún ba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Àwọn ọmọbìnrin yẹn sún àpótí wọn, wọ́n fún un láyè láàárín. Ẹni tó bá ń kọjá ní títì lè rí i. Èmi náà dúró ní títì, mo fẹ́ kí wọ́n rí èmi náà.

Oṣù kẹrin rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn la wà yìí. Ó ti ń fọwọ́ kan ojú. Télọ̀ ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri, ìdí nìyẹn tí mo fi la ẹnu.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sọ fún mi pé kí n jókòó sídìí fèrèsé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìka méjì lé etí ojú mi. Mi ò mọ ìgbà tó fa irun àkọ́kọ́. Mo ń dúró kó bi mí, kò bi mí.

Mo ní, "Sísí, kò dùn mí o. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí."

Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá." Ohùn rẹ̀ dùn, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó sì tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ mi.

Ojú tì mí. Mo bọ́ bàtà mi, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú síbi ìmọ́lẹ̀, kó lè rí wọn dáadáa.